Bí ẹ ṣe lè gbé ẹrù wọ inú ìran géèmù: ìrìn àjò ère arárá inú Half-Life 2

Ẹ wo ìran kan. Nínú yàrá ìdarí ní White Forest, ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú géèmù náà, Alyx, ọmọbìnrin tó ń bá yín rìn nínú ìtàn, la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé òun ń sọ bọ́ jáde, ojú Eli bàbá rẹ̀ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti gbá Half-Life 2: Episode Two, géèmù kọ̀ǹpútà tó ń bá ìtàn Half-Life 2 lọ, ló rántí ibẹ̀, torí ó ba èèyàn lẹ́rù. Nínú tèmi, ère arárá onírùngbọ̀n kan tó dé fìlà ṣóńṣó dúró sí ẹsẹ̀ Eli, ó kọjú sí i bí ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́. Àwọn tó ṣe géèmù náà kọ́ ló fi í síbẹ̀. Èmi ni mo gbé e wá, láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti já lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, gba inú ihò àwọn kòkòrò, gba orí afárá, gba inú ọkọ̀ tí hẹlikópítà ń lé.

Mo fẹ́ràn irú eré yìí ju kí n yìnbọn lọ. Ẹlòmíì ló kọ ìtàn, ẹlòmíì ló sọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gbé e débẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ìran tó wà níwájú yín

Kì í ṣe gbogbo ìran ló ṣeé gbé ẹrù wọ̀. Àwọn ìran kan jẹ́ fídíò lásán. Wọ́n ti yà á tán kí wọ́n tó ta géèmù, bí àwọn fíìmù inú Final Fantasy VII ti ọdún 1997. Ohun tó wù kí ẹ gbé síwájú ẹnu ọ̀nà, fídíò ò lè rí i.

Irú kejì, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń ya ìran náà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ti gbá GTA San Andreas ti mọ irú èyí. Ẹ ra fìlà àti ṣòkòtò àrà fún CJ, ẹni tí ẹ ń darí níbẹ̀, ẹ gé irun rẹ̀ bó ṣe wù yín, bí ìran bá dé, aṣọ yẹn náà ló máa wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dán géèmù wò nìyẹn: ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ wò ó bóyá ìran tó tẹ̀ lé e gbé aṣọ náà wọ̀. Bí ó bá gbé e, ìrètí wà. Bí kò bá gbé e, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀.

Irú kẹta ni ilé wa. Láti ọdún 1998 tí Half-Life àkọ́kọ́ ti jáde, ìlànà Valve, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ni pé wọn ò gba ojú ẹni tó ń gbá géèmù lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn inú ìtàn ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ń rìn kiri láàárín wọn. Ẹ lè kọ ẹ̀yìn sí wọn, ẹ lè gun orí tábìlì, ẹ sì lè gbé nǹkan síwájú imú wọn. Àfi ìgbà tí G-Man, ọkùnrin àràmàǹdà inú ìtàn náà, bá yọjú. Ìran tirẹ̀ máa ń mú ara yín dúró gbagidi, ẹrù kankan ò sì lè bá yín débẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Kò pọ̀. Half-Life 2 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, Episode Two sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí géèmù náà pé 20 ọdún, wọ́n ti kó àwọn Episode, ìyẹn àwọn apá tó tẹ̀ lé e, sínú Half-Life 2 fúnra rẹ̀, ẹ ò ní láti rà wọ́n lọ́tọ̀ mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, 256 MB ni RAM tí wọ́n ní ó kéré jù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tẹ́ ẹ rà ní tòkunbọ̀ lè gbé e láìlàágùn.

Ẹ wá mọ́ọ̀sì tó dáa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi touchpad, ibi pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka pa lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, ṣe iṣẹ́ yìí, torí gbígbé nǹkan kalẹ̀ jẹ́jẹ́ gba ọwọ́ tó balẹ̀. Kí ẹ sì mọ F6 àti F9 bí ẹ ṣe mọ orúkọ yín: F6 ń fi géèmù pamọ́ kíákíá, F9 ń dá yín padà síbi tí ẹ fi pamọ́ sí. Lẹ́yìn ibi pàtàkì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí mẹ́nù kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́ lọ́tọ̀, torí bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ F6 nígbà tí ère ti já sí kòtò, inú kòtò náà ni F9 yóò máa dá yín padà sí. Ní ti àwa tí iná lè lọ nígbàkigbà, gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi pamọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi agolo kọ́ ọwọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ère. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Half-Life 2 láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin ní City 17, ìlú tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá kan dúró lójú ọ̀nà, ó ti agolo kan ṣubú, ó ní kí ẹ gbé e. Lẹ́tà E lẹ ó tẹ̀ láti gbé e. Bí ẹ bá jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, yóò yà fún yín, ẹ ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Submissive. Bí ẹ bá sọ ọ́ lu ọlọ́pàá náà, yóò fi kóńdó lé yín, ẹ ó sì gba Defiant.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ló wà nínú agolo yẹn. Ìran náà ń dúró dè yín. Ó ń wo ibi tí agolo wà, ibi tí agolo bá sì bọ́ sí ló ń pinnu ohun tí ọlọ́pàá máa ṣe. Ohun tí ẹ gbé lọ́wọ́ ní ìwọ̀n, ó ń yí, ó ń fò bó bá balẹ̀, ó sì ń já bọ́ bí ẹ bá fi kan ara ògiri. Tí ẹ bá fi ọwọ́ lásán gbé nǹkan, 35 kílógíráàmù ni òpin ohun tí E lè gbé. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní Gravity Gun, tí èmi máa ń pè ní ìbọn òòfà, lè gbé tó 250. Ìdí nìyẹn tí àpótí ńlá kan fi ń kọ̀ fún yín lónìí tó sì wá fúyẹ́ bí ìyẹ́ lẹ́yìn tí Alyx bá ti fún yín ní ìbọn náà ní Black Mesa East.

Gbígbé kalẹ̀ le ju gbígbé sókè lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú Ctrl, ẹ wo ilẹ̀ títí nǹkan náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kí ẹ wá tún tẹ E. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì òsì mọ́ọ̀sì dípò E, ẹ ti jù ú nìyẹn. Ẹ fi agolo, ìgò àti ẹ̀gúsí bàrà dánra wò. Ẹ ó rí i pé ìgò àti bàrà máa ń fọ́. Àwọn ò bá wa lọ jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yàrá Kleiner

Ìran gidi àkọ́kọ́ tí mo máa ń rán àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mi sí ni yàrá iṣẹ́ Dókítà Kleiner, ní orí tí wọ́n pè ní A Red Letter Day. Kleiner, Barney àti Alyx wà níbẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn, kò sì sẹ́ni tó ń yìnbọn. Nǹkan kéékèèké kún yàrá náà. Ẹ gbé ọ̀kan, ẹ gbé e sí ibi tí ẹnìkan máa tó dúró sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fà sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wò.

Ibẹ̀ lẹ ó ti rí òfin tó le jù: olúkúlùkù wọn ní ibi tí wọ́n ní kó rìn dé. Bí ẹ bá fi ohun ńlá dí ọ̀nà, ó lè dúró síbẹ̀, kó máa wo yín, kí ọ̀rọ̀ tó kàn má sì jáde. Géèmù ò bàjẹ́ o. Ẹ gbé ohun náà kúrò, bí ìran kò bá tẹ̀ síwájú, F9. Nítorí náà, ohun kékeré ni kẹ́ ẹ lò, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe láàárín ọ̀nà.

Òfin kejì kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ìran di ẹlẹ́wà. Àwọn èèyàn wọ̀nyí máa ń wo ojú yín bí wọ́n bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá wá gbé nǹkan yín sáàárín ara yín àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ojú rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé nǹkan náà ló ń wò. Kleiner á máa ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìgò òfìfo kan pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti yàrá kejì kó wá wò ó.

Òfin kẹta: ẹrù gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó la ẹnu. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó máa wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ìdajì ìran ti kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ère arárá

Ó wá kan Episode Two. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé a ó fẹ́ ṣe irú eré yìí, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ Little Rocket Man: kí ẹ gbé ère arárá láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, kí ẹ fi í sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ní White Forest, kí ó lọ sójú ọ̀run. Tí ẹ bá kúrò níbi ọkọ̀ ojú irin tó fọ́, ẹ ó dé ilé kékeré kan tí ẹ̀rọ rédíò wà nínú rẹ̀. Ẹ má yára jáde. Ẹ wo ìsàlẹ̀ gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀, ilẹ̀ ni ère náà wà. Kò lè fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyà tó lè jẹ ẹ́. Ewu rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ gbàgbé rẹ̀ tàbí kí ẹ jù ú sí ibi tí ọwọ́ ò tó.

Ìlànà tí mo fi ń gbé e rèé. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń gbé e bí kò bá sí ọ̀tá, torí ó máa ń sún mọ́ ara, kì í sì í gbá ẹnu ọ̀nà. Bí ìjà bá dé, mo máa gbé e sí igun ògiri, mo máa jà, mo máa padà wá mú un. Ìbọn òòfà wà fún gbígbé e láti ibi tó jìn tàbí ibi tó ga. Bọ́tìnì ọ̀tún ni ẹ ó fi gbé e, bọ́tìnì ọ̀tún náà ni ẹ ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì òsì. Lórí afárá gíga tó wà ní orí Freeman Pontifex, mo fẹ́ yìnbọn lu ọ̀tá kan, mo gbàgbé pé ère wà lẹ́nu ìbọn. Mo tẹ òsì. Ó fò kọjá irin afárá, fìlà rẹ̀ ń yí po, ó sì ń kéré sí i títí mi ò fi rí i mọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ló wà láàárín ibẹ̀ àti ibi tí mo ti fi géèmù pamọ́ gbẹ̀yìn.

Láàárín àgbègbè méjì, níbi tí géèmù ti máa ń dúró díẹ̀ láti ṣí ibòmíràn, ẹ rí i dájú pé ère wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó wà lọ́wọ́ máa bá yín kọjá. Ẹ má ṣe jù ú síwájú pé ẹ ó bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ilẹ̀kùn tó máa ń tì lẹ́yìn yín àti fún lífítì: ẹ gbé e mọ́ra kí ẹ tó wọlé.

Ibì kan wà tí ẹ ti lè sinmi. Nígbà tí Alyx bá fara pa, tí àwọn vortigaunt, àwọn ẹ̀dá àjèjì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, sì ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á rán yín lọ wá oje ìdin nínú ìtẹ́ àwọn antlion, ìyẹn àwọn kòkòrò ńlá inú ihò náà. Ọ̀nà náà yóò yí yín padà sí ibi tí Alyx dùbúlẹ̀ sí. Nítorí náà ẹ fi ère sílẹ̀ lọ́dọ̀ Alyx, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì jà. Èmi máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, tó kọjú sí àwọn vortigaunt, bí ẹbí tó ń ṣọ́ aláìsàn. Bí mo bá padà dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètùtù ìwòsàn wọn, ó ti wà láàárín wọn. Nínú gbogbo ìran tí mo ti gbé e wọ̀, èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ọkọ̀ ló wá le. Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé tó bo gbogbo ara, ẹ ò sì lè di nǹkan mú tí ẹ bá ń wakọ̀. Ẹ fi ìbọn òòfà gbé ère náà sẹ́yìn àga, níbi tí irin ọkọ̀ ti yí i ká, ẹ tì í wọlé dáadáa, kí ẹ sì rìn díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó dúró. Ẹ gbàgbé Shift, torí eré àsápajúdé náà ló ń tú u jáde. Ẹ rọra gun òkè, ẹ má fò lórí ohunkóhun tí ẹ bá lè yí ká. Níbi tí kò sí ewu, ẹ lè gbé ère rìn síwájú dé ibì kan, kí ẹ padà wá gbé ọkọ̀; ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dájú.

Nígbà tí hẹlikópítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé yín, kò sí àyè fún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fi géèmù pamọ́ lọ́tọ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá bú tí ère sì já bọ́, ẹ wo ibi tó bọ́ sí, ẹ lọ pamọ́ sẹ́yìn ilé kan, kí ẹ padà fẹsẹ̀ wá a. Mo ti rí àwọn tó bínú jáwọ́ níbẹ̀, ó sì dùn mí fún wọn, torí White Forest kò jìnnà mọ́.

Tí ẹ kò bá ní ọ̀pọ̀ wákàtí

Ọ̀nà kúkúrú wà, kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú bó bá jẹ́ pé ìran nìkan lẹ fẹ́. Ní ìsọ̀rí kíbọ́ọ̀dù nínú ètò géèmù, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tan developer console, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún géèmù. Ẹ ṣí i pẹ̀lú bọ́tìnì tó wà lókè Tab, ẹ kọ sv_cheats 1, lẹ́yìn náà ẹ kọ prop_physics_create props_junk/gnome.mdl, ère yóò sì já bọ́ síwájú yín. Bí ẹ bá kọ host_timescale 0.5, gbogbo ayé á máa rìn ní ìdajì eré, ẹ ó sì ráyè tò ó bó ṣe yẹ. Kìkì pé àmì-ẹ̀yẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe èyí lórí géèmù tí ẹ ń fi òótọ́ gbé ère lọ.

Fún fọ́tò, F12 lórí Steam, ètò tí a fi ń ra géèmù tí a sì fi ń ṣí i, ti tó. Ẹ sún mọ́ ilẹ̀ kí ère fi tóbi níwájú, kí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní òró yín, ère á kéré, àwòrán á sì dà bí ti ẹni tó ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: inú rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ní White Forest, ẹ ó pàdé Dókítà Magnusson, tó ń bínú sí yín nítorí oúnjẹ rẹ̀ tó bú nínú máíkírówéèfù ní Black Mesa, ilé ìwádìí tí ìtàn Half-Life àkọ́kọ́ ti wáyé. Nínú géèmù ọdún 1998, ẹni tó ń gbá a ló lè tẹ bọ́tìnì máíkírówéèfù yẹn títí oúnjẹ á fi bú. Ọdún 9 lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tó kọ ìtàn fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu ọkùnrin yìí. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé wọ́n ń wò wá, wọ́n sì fẹ́ràn ìwà ọmọdé wa.

Ẹ gbé ère wọ yàrá ìdarí kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gùn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Eli, ẹ ya fọ́tò yín. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ síbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ihò kan ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀, tó gba ère náà rẹ́gí.

Eré yìí ti jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Rocket Lab gbé ère yìí gan-an, tí wọ́n fi irin titéníọ̀mù ṣe ní ìwọ̀n mílímítà 150, lọ sójú ọ̀run láti Māhia ní New Zealand. Gabe Newell, olórí Valve, ṣèlérí dọ́là kan lórí olúkúlùkù ẹni tó bá wo ìfòsókè náà fún ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn gidi ní ilé ìwòsàn Starship ní Auckland.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ihò náà. Ẹ má jù ú wọlé. Ẹ fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ yí i títí ojú rẹ̀ yóò fi kọjú síta, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi géèmù pamọ́ lọ́tọ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.